Ṣé o mọ̀? Abíọ́dún, Ọya inú Ọba Kò So

Bí wọ́n bá dárúkọ Ọba Kò So ní Ìkirè tàbí Àpòmù, Dúró Ládípọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn, torí òun ló kọ eré náà, òun náà ló ṣe Ṣàngó. Ṣùgbọ́n Ṣàngó kò dá eré náà ṣe. Abíọ́dún, ìyàwó Ládípọ̀, ni Ọya tí àwọn òǹwòran mọ̀: bàtá ń dún kíkankíkan, ó ń jó, ó ń ki ọba, ìlù kò sì bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òṣogbo, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa yìí, ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Ó dé Berlin ní 1964.

Ẹnìkan lè ní ọkọ Abíọ́dún ló gbé e dé orí ìtàgé. Òótọ́ wà níbẹ̀, ọkọ ló dá ẹgbẹ́ òṣèré wọn sílẹ̀. Àmọ́ nígbà tí Ládípọ̀ kú ní oṣù kẹta 1978, ẹgbẹ́ kò bá a lọ: Abíọ́dún ló dì í mú, ó sì tún ṣeré nínú fíìmù. Àwọn ará Íjíbítì kì í sọ ìtàn fíìmù wọn láìdárúkọ Faten Hamama, òṣèrébìnrin wọn. Bákan náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní Ọba Kò So, ẹ dárúkọ Abíọ́dún pẹ̀lú.