Ẹyẹ Tí Wọ́n Fi Ṣe Èènì

Bíbélì kíkà: Lúùkù 12:6-7, Mátíù 6:25-34, Jeremáyà 8:7

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Mátíù 10:29, kí ẹ sì fi ìka há a, kí ẹ tún ṣí Lúùkù 12:6. Nínú Mátíù, owó idẹ kan ni wọ́n ń ta ológoṣẹ́ méjì. Nínú Lúùkù, owó idẹ méjì ni wọ́n ń ta márùn-ún. Ẹni tó bá ti ná ọjà Sábó ní Ìkòròdú rí ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Mẹ́rin ló yẹ kí owó idẹ méjì rà. Èènì ni ìkarùn-ún. Ẹyẹ tí kò tilẹ̀ ní iye lórí, tí ẹni tó ń tà kàn jù sí i kí oníbàárà rẹ̀ lè padà wá lọ́la, òun náà ni Olúwa wa sọ pé Ọlọ́run kò gbàgbé.

A mọ bí a ṣe ń wàásù lórí ẹsẹ yìí. À ń fi tu ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú, à ń fi tu opó nínú, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jésù ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nínú Mátíù orí kẹfà, ohun tó kọ́kọ́ ní kí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ni kí wọ́n wo ẹyẹ. Kí wọ́n gbójú sókè, kí wọ́n wò ó dáadáa. Àwa máa ń fo ibẹ̀ dá, a ó sáré bọ́ sí ibi oúnjẹ àti aṣọ. Mo wá bi yín, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Agric, ní Òwútù, ní Ìpàkodò, títí dé Ìtóìkín àti Ẹ̀pẹ́: nínú àwọn ẹyẹ tó ń fò kọjá lórí òrùlé yín lójoojúmọ́, mélòó ni ẹ lè dárúkọ? Bí ẹ bá ti ka àwòdì, lékèélékèé, ẹ̀gà, àdàbà àti ẹyẹlé, ǹjẹ́ ẹ tún lè ka márùn-ún mìíràn?

Àwọn kan wà láyé tí wọ́n mú wíwo ẹyẹ ní iṣẹ́ gidi. Lókè òkun, nígbà ìrúwé, láti oṣù Kẹta títí wọ oṣù Karùn-ún, tí òtútù ti lọ tí igi ń yọ ewé tuntun, àwọn ẹyẹ tó sá wá sí ilẹ̀ gbígbóná máa ń padà sílé. Ìgbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ awòyẹ máa ń yan ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n á jáde ní ìdájí, awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn lọ́rùn wọn, ìwé àti bírò lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì máa kọ orúkọ irú ẹyẹ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rí tàbí tí wọ́n bá gbọ́ ohùn rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, olúkúlùkù wọn ti lọ bá ọ̀rẹ́, ẹbí àti aládùúgbò pé kí wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́ iye kan lórí irú ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Ká ní ẹ jẹ́ ẹ̀jẹ́ ₦100, tí ẹni tó wá bá yín sì rí irú ẹyẹ 60, gbèsè ₦6,000 ti wọ yín lọ́rùn nìyẹn. Ní Kánádà, wọ́n ti ń ṣe irú ètò yìí láti ọdún 1976. Ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1984, ó sì di ìdíje ńlá tí àwọn ẹgbẹ́ ń bá ara wọn du ní oṣù Karùn-ún. Iṣẹ́ ìwádìí nípa ẹyẹ àti ìdáàbòbò igbó àti àbàtà tí ẹyẹ ń gbé ni owó náà ń lọ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba káàdì ìkórè rí, tí ẹ gbé e tọ àwọn ènìyàn yín lọ, ẹ rí i pé kò ṣàjèjì sí wa. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó gba káàdì yìí gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ wò, kí owó tó wọlé. Ní tèmi, mo fẹ́ràn èyí ju kí á máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe orúkọ olówó nínú ìjọ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ọjọ́ kan tún wà tí gbogbo ayé fi ń rántí àwọn ẹyẹ aṣíkiri. Ọdún 2006 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti 2018 sì ni wọ́n ti ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní Sátidé kejì oṣù Karùn-ún àti Sátidé kejì oṣù Kẹwàá. Bí ẹ bá bi mí, ti oṣù Kẹwàá ló bá wa mu jù ní ìhà ibí. Ní oṣù Karùn-ún, òjò ti dé, púpọ̀ nínú àwọn àlejò wa sì ti kọrí sílé. Àwọn onílé ni ẹ ó bá, irú ẹ̀gà tó ń hun ìtẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀pẹ pẹ̀lú ariwo. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá, àwọn àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni.

Ẹ wo Jeremáyà 8:7. Wòlíì náà ń bá àwọn ènìyàn Ọlọ́run wí pé ẹyẹ lásán mọ àkókò tó yẹ kí ó wá àti àkókò tó yẹ kí ó lọ, ṣùgbọ́n àwọn kò mọ ìdájọ́ Olúwa. Àwọn bàbá wa tó túmọ̀ Bíbélì, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, tí odindi Bíbélì Yorùbá fi jáde ní 1884, wá orúkọ ẹyẹ tí ọmọ Yorùbá mọ̀ sí ẹsẹ náà: lékèélékèé wà níbẹ̀, alápàńdẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀. Wọn kò ṣì í. Lékèélékèé tí àwọn ọmọdé máa ń kọrin sí pé kí ó fún àwọn ní èékánná funfun, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń bá wa gbé. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, apá òkè ni ó ń gbà lọ láti pamọ. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ní tirẹ̀ ń ti Yúróòpù wá, ó ń fò kọjá lórí aṣálẹ̀ Sàhárà, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n ara rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ.

Ibi tí àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ yìí ń sùn pọ̀ sí jù lọ tí a mọ̀ ní ilẹ̀ wa jìnnà sí Ìkòròdú, ó wà ní Èbbákẹ́ń, lẹ́bàá Boje ní Ìpínlẹ̀ Cross River. Lálẹ́, lórí koríko gíga àwọn òkè ibẹ̀, wọ́n fojú bù ú pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn ará abúlé ń mú wọn jẹ tẹ́lẹ̀, ebi kì í sì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó fẹ́ dá ẹyẹ náà sí ní láti jókòó ti àwọn ará abúlé, kí wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gba owó ọkọ̀, ó ń gba owó oúnjẹ, ó ń gba owó ìwé. Ẹ rí ìdí tí káàdì ẹ̀jẹ́ fi wúlò.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Olóyè Shafi Lawal Edu, tí wọ́n bí ní 1911. Òun ló dá àjọ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980. Àjọ yìí ló ni ọgbà Lekki tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, tí ó gba ilẹ̀ hẹ́kítà 78, igbó àti àbàtà tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé sí. Mùsùlùmí ni Olóyè Edu títí ó fi papòdà ní 2002. Mo sọ ọ́ kí ó lè ta wá lára díẹ̀, àwa tí Olúwa wa pàṣẹ fún láti wo ẹyẹ. Ní Jos, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ nípa ẹyẹ tí wọ́n fi orúkọ A.P. Leventis pè wà láti 2001. Láti 2015 sì ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Nigerian Bird Atlas Project ti ń pín àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà sí abala kéékèèké, tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́sàn-án, kí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́ nínú ẹgbẹ́ awòyẹ, lè wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ ka ẹyẹ. Ó lé ní 900 irú ẹyẹ tí wọ́n ti rí ní orílẹ̀-èdè wa.

Àwọn onígbàgbọ́ náà kò ṣàì ní ìpín. Ní 1983, Peter Harris, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Pọtogí. Ẹ̀gbẹ́ àbàtà kan létí òkun ni wọ́n dá ibùdó sí, wọ́n ń ka ẹyẹ, wọ́n sì ń ka Bíbélì. Wọ́n pe iṣẹ́ náà ní A Rocha, tí ó túmọ̀ sí Àpáta. Ní 1999 ó dé Gánà, aládùúgbò wa. John Stott, oníwàásù ìlú London tí ọ̀pọ̀ pásítọ̀ wa ń ka ìwé rẹ̀, kì í rìnrìn àjò láìmú awò ìwòyẹ dání. Ní 1999 ó kọ odindi ìwé kan lórí ohun tí ẹyẹ fi kọ́ ọ. Ó kú ní 2011.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ tó wà láàrin àwa ará ilé. Nínú ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́, bí òwìwí bá bà sórí òrùlé lóru, àdúrà iná ni yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà òkúta. Wọ́n á ní àjẹ́ ló dé. Ẹ̀yin ará, ẹni tó wà nínú Kristi kò gbọdọ̀ máa sá fún ẹyẹ. Ọlọ́run tó dá àdàbà ló dá òwìwí, ó sì wò ó, ó rí i pé ó dára. Eku tó ń jẹ gbẹ̀ẹ́rẹ́ ẹ̀pà àti àgbàdo yín ni òwìwí wá wá. Onísáàmù fúnra rẹ̀, nígbà tí ìpọ́njú bá a, fi ara rẹ̀ wé òwìwí nínú Sáàmù 102:6, kò sì sí wòlíì tó lé e jáde nínú ìjọ.

Ti gúnnugún tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà rántí pé wọ́n máa ń pọ̀ lórí òrùlé ilé ìpẹran. Níbo ni wọ́n wà lónìí? Láti 2015 ni àwọn onímọ̀ ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun pátápátá, ọ̀kan nínú ohun tó sì ń pa á ni ètùtù àti oògùn tí wọ́n ń fi orí àti ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣe. Léfítíkù 11 ní kí Ísírẹ́lì má ṣe jẹ igún àti òwìwí. Kò ní kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n run. Bí mo ṣe rí i, òfin náà dá wọn sí kí wọ́n lè máa ṣe iṣẹ́ tí Ẹlẹ́dàá rán wọn. Nínú Diutarónómì 22:6-7 ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá rí ìtẹ́ ẹyẹ lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìyá lọ, Ọlọ́run sì so ẹ̀mí gígùn mọ́ ọn. Ẹ ka èyí fún ọmọkùnrin yín tó ń fi kànnàkànnà ta ẹ̀gà.

Ohun tó tilẹ̀ kán mi lójú jù ni àbàtà. Láti Májídùn dé Ìbẹ̀ṣẹ̀, títí lọ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà àti àbàtà ni ilé oúnjẹ àwọn ẹyẹ yìí. À ń wa yanrìn níbẹ̀, à ń kó yanrìn dí i, à ń kọ́lé sí i, kódà à ń kọ́ ilé ìjọsìn sí i, a ó sì ya ilẹ̀ náà sí mímọ́. Omi tí àbàtà ìbá gbà sínú kò ní ṣàì wá ibòmíràn gbà, ẹ̀yin tí omi ń wọ yàrá yín lóṣù Kẹfà kò nílò kí n ṣàlàyé. Nítorí náà, bí ìjọ yín bá fẹ́ ra ilẹ̀, kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ béèrè bóyá àbàtà ni kí wọ́n tó béèrè iye owó rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tàbí ilé kan ṣoṣo lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn Sátidé tí mo dárúkọ. Ẹ parí àdúrà ìdílé ní agogo márùn-ún ààbọ̀, kí ẹ jáde ní mẹ́fà. Ẹ ó ti padà kí oòrùn tó mú. Ẹ má wọ aṣọ tó ń tàn yòò, ẹ má sì kọrin lójú ọ̀nà, ìyẹn ló máa ṣòro jù fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ gba ẹ̀bá omi Ìpàkodò tàbí Ìjẹ̀dé lọ. Bí ẹ bá rí ẹyẹ tí ẹ kò mọ̀, ẹ bi àwọn apẹja àgbà, wọ́n mọ orúkọ tí kò sí nínú ìwé kankan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó mú un lọ. Ẹni tó bá ní fóònù tó dára lè fi BirdLasser ránṣẹ́ sí ètò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò ní, ìwé àti lẹ́ẹ̀dì tó o.

Ní ti owó, kí akápò ìjọ gbà á, kí ó kọ rìsíìtì, kí ẹ sì ti fohùn ṣọ̀kan ṣáájú lórí ibi tí yóò lọ: awò kan fún ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín, tàbí ẹ̀bùn sí àjọ tó ń dáàbò bo àbàtà. Ojú ìwé kan ti tó fún káàdì ẹ̀jẹ́ náà. Kí orúkọ wà níbẹ̀, kí iye lórí irú ẹyẹ kan wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún iye ẹyẹ tí ẹ bá rí. Bí ó bá jẹ́ ti oṣù Karùn-ún ni, ẹ mú agbòjò dání.