Ọ̀dà dúdú ló ń dójú ti àwọn tó ń to mọ́tò kékeré jọ!

Ẹni tó bá fi odidi oṣù mẹ́ta ṣiṣẹ́, tí agolo ọ̀dà kan ṣoṣo wá bà á jẹ́, dandan ni kó káwọ́ lérí. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ àwọn tó ń to Ford Model T kékeré jọ nìyẹn.

Ọdún 1908 ni ojúlówó mọ́tò náà jáde l'Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ ICM ní Ukraine ti ṣe ti ọdún 1911 sínú páálí, ike wẹ́wẹ́ ni, kóníkálukú máa tò ó fúnra rẹ̀. Ínṣì 100 ló wà láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn ojúlówó. Ti kékeré yìí fi díẹ̀ ju ínṣì 4 lọ. Ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń mú un. Bí gọ́ọ̀mù bá ṣèèṣì kán sí i lára, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn!

Àṣé ìyẹn gan-an ò tí ì le tó ti ọ̀dà. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé dúdú ni Model T. Wọn ò purọ́, àmọ́ ọdún 1914 sí 1925 ni Ford fi kùn ún ní dúdú nìkan. Ti 1911 ńkọ́? Búlúù tó ṣú dòò ni. Idẹ tó ń dán gbinrin ni rédíétọ̀ rẹ̀. Táyà pàápàá ò dúdú, ó funfun bí eérú ni, nítorí pípo èédú mọ́ rọ́bà táyà ò tí ì wọ́pọ̀ nígbà náà.

Nítorí náà, ẹni tí ò bá fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín, kó ka ọdún tó wà lára páálí kó tó ṣí agolo ọ̀dà.