Àpò Ẹ̀fọ́ àti Èso: Ẹ Jẹ́ Kí Ó Mí, Ẹ Sì Máa Fọ̀ Ọ́

Ọ̀rọ̀ àpò ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá lò ó dáadáa, àpò lè gba owó ọjà yín lọ́wọ́ òfò. Bí ẹ kò bá sì tọ́jú rẹ̀, ó lè kó inú rírun bá gbogbo ilé.

Ẹ wo ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Abilékọ kan lọ sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, tàbí ọjà Máìlì 12 ní Èkó, ní ọjọ́ Sátidé. Ó ra tòmátì, ata rodo, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Nígbà tí ó dé ilé, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í fún un, ó so ẹnu rẹ̀ pinpin, ó sì gbé e sí igun ilé ìdáná. Kí ó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀fọ́ ti ń yọ̀, omi ti ń sun nínú ọ̀rá, ohun funfun bí òwú sì ti hù sára tòmátì. Nítorí pé owó ń dun ènìyàn, ó gé ibi tí ó rà kúrò, ó sì lọ ìyókù mọ́ ọbẹ̀. Àṣìṣe méjì ni èyí.

Ẹ jẹ́ kí a mú àṣìṣe kìíní. Ẹ̀fọ́ àti èso tí a já kò tíì kú. Wọ́n ṣì ń mí. Bí wọ́n ti ń mí ni ooru àti omi ń jáde lára wọn. Bí a bá so ẹnu ọ̀rá pinpin, omi yìí kò ní rí ọ̀nà jáde. Yóò sẹ̀ sára ewé, ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń mú nǹkan rà, yóò sì ti máa pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́ ẹ̀fọ́ sílẹ̀ láìbò, atẹ́gùn yóò fa omi ara rẹ̀ gbẹ, yóò rọ, fítámì C inú rẹ̀ yóò sì máa dínkù. Àpò tí a ń wá ni èyí tí kò sé èémí mọ́ wọn nínú, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ.

Ẹ kò ní láti ná owó púpọ̀. Aṣọ òwú àtijọ́ tí ó mọ́, bí aṣọ ibùsùn tí ó ti gbó, dára láti rán ní àpò. Ẹ rán mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì wá àpò àwọ̀n kan tàbí méjì kún un.

Ti ewé: Ẹ ṣa èyí tí ó ti pọ́n àti èyí tí ó ti ń rà kúrò lára tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú tàbí úgú. Ẹ má fọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi fẹ́ sè é. Ẹ rin àpò aṣọ, ẹ fún un dáadáa kí omi má bàa máa kán, ẹ kó ewé sí i, kí ẹ sì so ẹnu rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ìsàlẹ̀ fíríìjì ni kí ẹ gbé e sí. Bí kò bá sí iná tàbí fíríìjì, ẹ gbé e sí ibi tútù tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ẹ sì máa rin ín bí ó bá ti gbẹ. Bí omi bá ti ń gbẹ lára aṣọ, ó ń mú ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni àmù fi ń mú omi tutù. Ọgbọ́n yìí ni olùkọ́ kan ní ìhà Àríwá, Mohammed Bah Abba, lò láti ọdún 1995: ó gbé ìkòkò amọ̀ kan sínú òmíràn, ó da iyanrìn tútù sí àárín wọn, ikàn tí ì bá bàjẹ́ ní ọjọ́ 3 sì wà ní tútù fún ọjọ́ 27. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ẹ má retí irú ìyẹn, nítorí pé afẹ́fẹ́ etí òkun kún fún omi, aṣọ kì í sì í tètè gbẹ níbẹ̀.

Ti tòmátì: Púpọ̀ nínú tòmátì wa ti rin ìrìn nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà láti Àríwá nínú apẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ wa, ó sì ti fara gbọgbẹ́. Ẹ yà á sọ́tọ̀ ní ọjọ́ tí ẹ rà á. Èyí tí ó ti sán, ẹ sè é lọ́jọ́ náà. Èyí tí ó le, ẹ kó o sí àpò àwọ̀n níbi tí oòrùn kò dé. Èyí tí kò tíì pọ́n kò gbọdọ̀ wọ fíríìjì.

Ti àlùbọ́sà: Àpò àwọ̀n gbígbẹ, kí ẹ gbé e kọ́. Kò fẹ́ omi rárá.

Ti èso: Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, máńgòrò àti ìbẹ́pẹ tí ó ti pọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ethylene. Afẹ́fẹ́ yìí ń mú kí èso mìíràn tètè pọ́n, ó sì ń mú kí ewé pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Nítorí náà, ẹ má kó èso pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́ nínú àpò kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí máńgòrò yín tètè pọ́n, ẹ gbé e ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n nínú àpò bébà. Èyí sàn ju kábáàdì tí àwọn oníṣòwò kan ń lò, tí àjọ NAFDAC ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí àṣìṣe kejì. Ohun funfun tí ẹ rí lára tòmátì kò dúró lójú ibi tí ẹ ti rí i. Okùn rẹ̀ tín-ín-rín ti wọ inú lọ, nítorí pé tòmátì rọ̀ ó sì kún fún omi. Iná lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n oró kan wà nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí síse kì í pa. Ẹ dà á nù. Kárọ́ọ̀tì tàbí kábéèjì tí ó le nìkan ni a lè gé jìnnà sí ibi tí ó bàjẹ́, kí a sì jẹ ìyókù.

Àpò náà ńkọ́? Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó tún kó ọjà tuntun sí i, kí ẹ sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa. Àpò tí ó ti gbé ẹran tàbí ẹja tútù kò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀fọ́ tàbí èso láéláé. Ẹ fi òwú pupa sàmì sí i kí àwọn ọmọ má bàa ṣì í mú.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ dán an wò lọ́sẹ̀ yìí: ẹ kó ìdajì ẹ̀fọ́ yín sínú ọ̀rá, kí ẹ sì kó ìdajì sínú àpò aṣọ. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ tú méjèèjì wò. Ojú yín ni yóò ṣe ìdájọ́.