Àwo Àtijọ́ Kan, Àwo Tuntun Kan, Lójoojúmọ́

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń bi wá pé kí ni ètò gbígbọ́ orin tí àwọn ìdílé kan ń ṣe yìí, àti pé ṣé owó ni wọ́n ń san sí i ni. Kò sí owó níbẹ̀ rárá. Ètò ọgbọ̀n ọjọ́ ni. Lójúmọ́ kan, ẹ ó gbọ́ àwo orin àtijọ́ kan tí ẹnì kan nínú ilé ti fẹ́ràn tipẹ́tipẹ́, ẹ ó sì gbọ́ òmíràn tí kò tíì pẹ́ tó jáde. Ẹni tó mú ti àtijọ́ wá gbọ́dọ̀ jókòó gbọ́ tuntun, ẹni tó mú tuntun wá náà gbọ́dọ̀ jókòó gbọ́ ti àtijọ́. Òfin rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàyé ni gbogbo ìyókù.

Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ìwé ìgbélùú àti owó ìrànwọ́ ìjọba la sábà máa ń kọ sí ojú ewé yìí, nítorí náà ẹnì kan lè ní kí ló kàn wá kan orin. Ó kàn wá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí a ń wọ̀, bàbá ń gbọ́ Obey nínú mọ́tò, ìyá ń gbọ́ ìwàásù nínú kíṣìnnì, ọmọ ti ki ohun ìgbọ́rin bọ etí nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n á gbé inú ilé kan náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìjọ gbọ́ nǹkan kan pọ̀. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín, púpọ̀ nínú wọn gbọ́ Yorùbá àmọ́ wọn kì í fi fèsì. Ẹ sọ fún wọn pé "Ṣé o ti jẹun?", Gẹ̀ẹ́sì ni wọn ó fi dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kan náà lè kọ orin Asake láti òkè dé ilẹ̀, tòun ti èdè ìgboro Èkó tí bàbá rẹ̀ gan-an kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Yorùbá wà lẹ́nu ọmọ náà o. Ẹni tí yóò bá a sọ ọ́ lórí nǹkan tó wù ú ni kò tíì rí.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí tọmọdé tàgbà mọ̀ pé àwo àtijọ́ àti ti òde òní, bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n kò jọra. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá máa ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lójú kan. Àwọn olórin jùjú, àpàlà àti fújì a máa lo gbogbo ojú kan náà pátá láìdánudúró: orin kan á wọnú èkejì, ìlù á sọ̀rọ̀, wọn á ki olówó, wọn á ki ẹgbẹ́, wọn á tún padà sórí orin. Bí àpẹẹrẹ, ẹ wo Oroki Social Club tí Haruna Ishola gbé jáde ní ọdún 1971. Ẹgbẹ́ afẹ́ kan ní Òṣogbo ló fi àwo náà ki. Òròkí fúnra rẹ̀, oríkì Òṣogbo ni. Ọmọ tó bá béèrè pé "Daddy, what is Òròkí?" ti ṣílẹ̀kùn ìlú kan nìyẹn, ẹ má sì jẹ́ kó tún pa dé.

Ti òde òní ńkọ́? Lórí Spotify, orin tí ènìyàn bá ti gbọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, wọ́n ti kà á sí gbígbọ́ kan. Orin oníṣẹ́jú méjì àti oníṣẹ́jú mẹ́wàá, bákan náà ni wọ́n ṣe ń kà wọ́n. Kí wá ni olórin fẹ́ máa fi ìṣẹ́jú mẹ́ta lu gìtá sí kó tó lanu? Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà, kí ẹ tó pariwo pé "Orin kí lèyí tó ti tán kí n tó jókòó?", ẹ rántí pé bí ọjà ṣe rí ni wọ́n ṣe ń nà á. Láyé tiyín náà, bí àwo ṣe gùn tó ni wọ́n fi ń wọn orin.

Ó dáa, àwo wo la máa so pọ̀ mọ́ èwo? Àwọn tó ti dùn mọ́ wa la ó sọ. Ẹ lè ṣe tiyín yàtọ̀.

Èyí tó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni Fuji Garbage ti Sikiru Ayinde Barrister, ti ọdún 1988, pẹ̀lú Mr. Money with the Vibe ti Asake, ti ọdún 2022. Inú wéré ni fújì ti jáde, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn Mùsùlùmí sí sààrì nínú oṣù Ramadan. Barrister kò jìnnà sí wa níhìn-ín: London yìí ló kú sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Asake ní tirẹ̀ kọ́ eré orí ìtàgé ní Yunifásítì Ifẹ̀, ìlù tó sì pọ̀ jù nínú orin rẹ̀ wá láti South Africa. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí ègbè. Nínú àwo méjèèjì, ẹnì kan á dá, ogunlọ́gọ̀ á gbè é. Ẹ ní kí ọmọ máa nàka sókè nígbàkigbà tí ègbè bá wọlé. Kí ojú kan àwo Barrister tó tán, òun fúnra rẹ̀ á ti mọ ibi tí Asake ti mú nǹkan wá, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé.

Fún ilé tí bàbá àti ọmọkùnrin kò ti fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ra wọn yé, Gentleman ti Fela, ti ọdún 1973, àti Legacy + tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2021. Àwo méjì nínú páálí kan ni Legacy +: ọ̀kan ti Femi Kuti, èkejì ti Made ọmọ rẹ̀, tó sì jẹ́ pé Made nìkan ló lu gbogbo ohun èlò tó wà nínú tirẹ̀. Fela wá sí London ní 1958. Ìṣègùn ni wọ́n rò pé ó máa kọ́, ó gba Trinity College of Music lọ. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan náà, tí wọ́n ń pè ní Trinity Laban báyìí, ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ. Gentleman dá lórí àwa tí a máa ń wọ kóòtù pẹ̀lú táì nínú oòrùn ilé. Ẹ lè bi àwọn ọmọ bóyá ọ̀rọ̀ náà kàn wá níhìn-ín tí òtútù ti ń fi ipá wọ kóòtù fún ènìyàn. (Fela kì í ṣe ti ọmọ ọdún mẹ́fà o. Ẹ kọ́kọ́ dá gbọ́ èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ lò. Orin tuntun tí lẹ́tà E wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ ọmọdé wà nínú rẹ̀.)

Èyí tí àwa fúnra wa fẹ́ràn jù, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ọ́n. Ambrose Campbell, ọmọ Èkó, dá ẹgbẹ́ West African Rhythm Brothers sílẹ̀ ní London yìí láàárín ọdún 1940 sí 1949. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ púpọ̀ nínú orin wọn ní àárín ìlú, nígbà tí ẹni dúdú tó ń wá yàrá yá kì í rí. Ní 2006, ọdún tí Campbell kú, ilé iṣẹ́ Honest Jon's kó àwọn orin rẹ̀ jọ sínú ẹ̀kẹta àwọn àwo London Is the Place for Me. Ẹ so ó mọ́ Where I'm Meant to Be ti Ezra Collective, ti ọdún 2022, àwo tó gba ẹ̀bùn Mercury ní 2023, tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ olórin jáàsì kankan kò gbà á rí kí wọ́n tó gbà á. Femi Koleoso tó ń lùlù níbẹ̀ àti TJ àbúrò rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà tí a bí sí London ni wọ́n, Femi sì kọ́ ìlù lọ́dọ̀ Tony Allen, onílù Fela. Ọmọ tó bá ń rò pé ọjọ́ tí òbí òun dé ni Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní ìlú yìí, ẹ fi Campbell hàn án.

Ebenezer Obey kò gbọdọ̀ ṣaláì wà níbẹ̀. Inú The Horse, the Man and His Son, ti 1973, ni ìtàn bàbá, ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn wà: ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe, ará ọ̀nà á bá wọn wí. A fi Morayo ti Wizkid, ti oṣù Kọkànlá ọdún 2024, tì í. Orúkọ ìyá rẹ̀ tó kú ní ọdún tó ṣáájú ló fi sọ àwo náà. Ẹ bi ọmọ pé kí ni Mórayọ̀ túmọ̀ sí, kí ẹ sì ṣàlàyé orúkọ tirẹ̀ náà fún un.

Àwọn ìdílé kan kì í gbọ́ orin ayé. Kò sí ìjà níbẹ̀. Bitter Experience tí Yinka Ayefele gbé jáde ní 1998, lẹ́yìn ìjàǹbá mọ́tò tó sọ ọ́ di ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, dáa fún ti àtijọ́. Kí ọmọ mú orin ìyìn tuntun tó bá wù ú.

Ẹ má gbọ́ odidi àwo lọ́jọ́ iṣẹ́. Ojú kan ti àtijọ́, orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tuntun, ó tó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru lè gbọ́ tirẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, kó bá ará ilé sọ ọ́ láàárọ̀. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan. Ẹ má kọ "ó dára" tàbí "kò dára" sínú rẹ̀, ìjà nìyẹn máa dá sílẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí ẹnì kan kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, àti orúkọ ènìyàn tàbí ìlú kan tí ẹ gbọ́. Bí òbí náà kò bá mọ ìtumọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ pe ìyá àgbà nílé kó bi í. Ìyá àgbà tó ti ń gbọ́ "Hello Grandma, fine, bye" láti ọdún yìí wá, inú rẹ̀ á dùn pé wọ́n bi òun ní nǹkan tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò ńkọ́? Lábẹ́ òfin Noise Act ti 1996, láti aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago méje òwúrọ̀, ariwo tó bá ju ìwọ̀n lọ lè mú kí káńsù kìlọ̀ fún yín, bu owó ìtanràn lé yín, tàbí kí wọ́n gbé ẹ̀rọ orin yín lọ pàápàá. Ìró ìlù ńlá ló ń gba inú ògiri kọjá, nítorí náà ẹ má gbé sípíkà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí kí ẹ fi ti ògiri aládùúgbò. Ní ti etí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà má ju desibẹ́ẹ̀lì 80 lọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, kí ọmọdé má ju 75 lọ fún wákàtí kan náà. Fóònù iPhone máa ń fi ìwọ̀n yìí hàn, ẹ ní kí ọmọ bá yín wá a.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa, òun ló sì jẹ wá lógún jù. Àwọn kan nínú wọn ti wà nílé ìtọ́jú arúgbó, àwọn mìíràn dá gbé, tí kẹ́rà ń wá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Àrùn ìgbàgbé ti mú àwọn kan, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún ti ń sá lọ, Yorùbá ló kù. Kẹ́rà kò gbọ́ Yorùbá. Á kọ sínú ìwé pé "Mama is agitated", bẹ́ẹ̀ omi ni màmá ń béèrè. Orin kì í ṣe oògùn, kò sì ní wo àrùn náà sàn. Ṣùgbọ́n orin tí ènìyàn gbọ́ láàárín ọmọ ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n ọdún máa ń pẹ́ nínú ọpọlọ ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ. Ó lè mú ara arúgbó balẹ̀, ó sì lè la ẹnu rẹ̀. Orí èyí ni àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Playlist for Life, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Scotland ní 2013, ń ṣiṣẹ́ lé: wọ́n ń ran ìdílé lọ́wọ́ láti kọ orin ẹni tó ní àrùn náà sílẹ̀. Ẹ fi ọdún ìbí ṣe ìṣirò. Màmá tí wọ́n bí ní 1942, orin 1952 sí 1972 ni kí ẹ wá: I. K. Dairo, Haruna Ishola, Obey nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Orin ṣọ́ọ̀ṣì tí kẹ́rà rí lórí tẹlifíṣọ̀n lè má jẹ́ nǹkan kan sí i.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní irú àgbà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí òun ló máa mú àwo àtijọ́ wá nínú ọgbọ̀n ọjọ́ náà, bó tiẹ̀ jẹ́ lórí fóònù. Ẹ wo ojú rẹ̀. Èyí tó bá mú un mi orí tàbí tó gbè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá mú un sunkún, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí ẹ sì pa á tì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orin márùn-ún tó gbà jù sí páálí kan ní lẹ́tà gbàǹgbà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́fà tí kẹ́rà yóò nílò: omi, ìrora, òtútù, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ebi, oorun. Ẹ kọ bí wọ́n ṣe ń pè é àti ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fún ọ̀gá ilé ìtọ́jú ní ẹ̀dà kan, kó fi sínú fáìlì ìtọ́jú rẹ̀.

Àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má dà wọ́n nù. Àwọn míì nínú wọn kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí okùn rẹ̀ bá ti tú, ẹ fi pẹ́ńsù rọra wé e padà kí ẹ tó fi sínú ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ mọ́ lè kó tirẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ tí a bá ṣí. Ẹ̀rọ kan wà tí a fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, a kò sì gba owó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ yín sára kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan.