Àpótí ìbọn àti Panda àlòkù: ohun tí ẹ ó wò kí ẹ tó sanwó ní Udine

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Carnia, ní òkè Udine, kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú nínú oṣù October, kí oòrùn tó yọ, ẹ ó rí wọn lẹ́bàá igbó: Fiat Panda kéékèèké, onígun mẹ́rin bíi páálí bàtà, ẹrẹ̀ lára wọn dé ojú fèrèsé, ajá ń wo ìta láti ẹ̀yìn. Ọkọ̀ àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ orí òkè ni. Àwọn òbí wa tó wá ṣiṣẹ́ ní Udine, Padua àti Turin kàn máa ń wò wọ́n kọjá ni. Kí ni wọ́n fẹ́ wá lọ sínú igbó òyìnbó? Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà. Láàárín ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, a ti rí ẹni tó lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ọgbà àjàrà kékeré, àti ẹni tó fẹ́ gba ìwé ọdẹ nítorí pé ẹlẹ́dẹ̀ igbó kò jẹ́ kí àgbàdo rẹ̀ gbó.

Irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ yóò ra nǹkan méjì tí bàbá rẹ̀ kò rà rí ní Ítálì: àpótí irin tí yóò máa tọ́jú ìbọn sí, àti ọkọ̀ oko àlòkù. Nílé, tòkunbọ̀ là ń pe ọkọ̀ àlòkù, nítorí pé ó ti òkun bọ̀. Ibi tí ẹ̀yin wà yìí ni ó ti ń gbéra, nítorí náà ẹ ò lè sọ pé ẹnì kan lókè òkun ló tàn yín jẹ.

Ìdí tí mo fi pa méjèèjì pọ̀ ni pé kì í ṣe irin nìkan lẹ ń rà, orúkọ yín nínú ìwé ìjọba ni ẹ ń fi dúró. Òfin 91 ti ọdún 1992 ló ń darí ọ̀rọ̀ cittadinanza. Ẹni tí wọ́n bí sí Ítálì tó sì gbé ibẹ̀ láìdáwọ́dúró títí ó fi pé ọmọ ọdún 18 ní ọdún kan péré láti lọ sọ pé òun fẹ́ jẹ́ ọmọ ìlú. Ẹni tí wọ́n gbé wá nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún sábà máa ń gba ọ̀nà ọdún mẹ́wàá, ìjọba yóò sì yẹ ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá wò. Ẹ̀sùn pé èèyàn fi ìbọn sílẹ̀ láìṣọ́ kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n bá nínú ìwé náà.

Ìbọn ni ká kọ́kọ́ mú. Òfin TULPS ti ọdún 1931 ni ìpìlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣọdẹ gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 18, kó ṣe ìdánwò ọdẹ, kí dókítà fọwọ́ sí ìlera rẹ̀, kí Questura sì fún un ní porto di fucile. Láti ọdún 2018, ọdún márùn-ún ni ìwé náà ń lò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ìbọn kúrò ní armeria, wákàtí 72 lẹ ní láti lọ fi tó ọlọ́pàá tàbí Carabinieri létí. Bí ẹ bá kó kúrò ní Udine lọ sí Padua tí ẹ sì gbé ìbọn dání, ẹ ó tún lọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: wọ́n á pààrọ̀ àdírẹ́sì báńkì àti ti fóònù, wọ́n á fi ti ìbọn sílẹ̀.

Ẹ wá wo abala 20 nínú òfin 110 ti ọdún 1975. Ó ní kí ẹni tó ní ìbọn tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo aápọn nítorí ààbò ará ìlú. Kò sọ bí irin àpótí ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Kò tilẹ̀ dárúkọ àpótí. Àwọn kan rò pé òmìnira nìyẹn, èmi sì rò pé pàkúté ni. Lẹ́yìn tí olè bá ti gbé ìbọn lọ tán ni wọn yóò tó bi yín pé kí lẹ ṣe tí wọn ò fi ní rí i gbé. Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ pé ó wà lẹ́yìn aṣọ òtútù nínú wọ́ọ̀dúróòbù, ẹ ti dá ara yín lẹ́bi. Prefetto lè fòfin de yín láti má ṣe ní ìbọn nílé mọ́, Questore sì lè gba ìwé yín. Bí ọmọdé bá wà nílé tó sì lè dé ibi tí ìbọn wà, abala mìíràn tún wà fún ìyẹn, 20-bis, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀.

Nílé àwọn ọdẹ wa àtijọ́, ìbọn ṣakabùlà máa ń wà lókè àjà, ẹ̀tù rẹ̀ yóò wà nínú ado lọ́tọ̀, ọmọdé tó bá fọwọ́ kàn án yóò gbọ́ ohun tí yóò gbọ́. Èèwọ̀ ni àgádágodo ilé náà, gbogbo agboolé sì ló ń ṣọ́ ọ. Nínú àpátímẹ́ǹtì ní àjà kẹta ní Udine, kò sí agboolé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó wá kí yín ní ìsinmi kò mọ èèwọ̀ kankan, ó sì ti rí bí wọ́n ṣe ń kó ọta sínú ìbọn lórí YouTube.

Nígbà tí ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta àpótí, ẹ má wo àwọ̀, ẹ má sì wo bọ́tìnì tó ń tàn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ wá àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ìwọ̀n méjì ló wà ní Yúróòpù tó yẹ kí ẹ mọ̀. EN 14450 ni ti kékeré, ó ní S1 àti S2. EN 1143-1 ni ti gidi, orí ìpele 0 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní Jámánì, láti oṣù July ọdún 2017, ẹni tó bá ń ra àpótí ìbọn tuntun kò gbọ́dọ̀ rà á kéré sí ìpele 0. Ítálì kò béèrè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí owó bá wà lọ́wọ́, ohun tí òfin Jámánì sọ ni èmi yóò fi ṣe òṣùwọ̀n. Àwọn àpótí pẹlẹbẹ tí kò ní àmì kankan, tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà àti ìṣó, lè dá ọmọdé dúró. Wọn ò lè dá olè tó mú irin ìfọ́lẹ̀kùn dání dúró. Kò burú bí ẹ bá rà á, bí ẹ bá ti mọ ohun tí ẹ rà.

Bóòtù ṣe pàtàkì bí irin náà fúnra rẹ̀. Àpótí ọgọ́ta kílò tí wọn kò dè mọ́ ohunkóhun, ẹrù èèyàn méjì ni; wọ́n á gbé òun àti ìbọn inú rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti lè fara balẹ̀ gé e. Ẹ dè é mọ́ ògiri àti ilẹ̀, kí ẹ sì mọ irú ògiri tí ẹ ní. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 6 oṣù May ọdún 1976 wó púpọ̀ nínú àwọn abúlé Friuli, ó sì pa èèyàn tó súnmọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ sábà máa ń ní kọnkéré tó le, tí bóòtù yóò dì mú. Ògiri àárín yàrá tí wọ́n fi bíríkì oníhò mọ kò lè di nǹkan kan mú. Bí ẹ bá ń háyà ilé, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó lu ihò, kí ẹ sì gba ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ wọn ìbọn yín kí ẹ tó lọ. Ìbọn ọlẹ́nu méjì ṣeé tú sí wẹ́wẹ́. Èyí tó ní awò lórí kò ṣeé tú bẹ́ẹ̀, ó sì gba àyè ju bí ẹ ṣe rò. Ẹ má gbé àpótí sí ìsàlẹ̀ ilé tó lọ́rinrin. Òjò Friuli kì í ṣe kékeré, ìbọn tí ẹ bá sì fi sílẹ̀ nínú àpò rẹ̀ nínú àpótí yóò dípẹtà láàárín oṣù díẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kan ní Münster, ní Jámánì, dájọ́ pé ibi tí èèyàn ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àpótí ìbọn sí gbọ́dọ̀ le bí àpótí náà fúnra rẹ̀. Olè ló ti rí kọ́kọ́rọ́ ẹnì kan mú níbi tó tọ́jú rẹ̀ sí, ó sì fi ṣí àpótí náà. Ẹjọ́ yẹn kò de Ítálì, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ yé èèyàn: àpótí onínọ́ńbà tí ẹ̀yin nìkan mọ sàn ju kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná lọ. Ẹ má sì fi ọjọ́ ìbí yín ṣe nọ́ńbà náà, gbogbo ìjọ ló mọ̀ ọ́n.

Láti inú àpótí, ìbọn yóò wọ inú ọkọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé. Òfin ọdẹ, 157 ti ọdún 1992, sọ pé ìbọn tó bá wà nínú ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ọta nínú, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú àpò rẹ̀. Ẹ wá wo Panda àtijọ́: gíláàsì yí i ká, kò sí bùútù tó dá wà. Ẹni tó bá dúró mu kọfí nígbà tó ń ti oko ọdẹ bọ̀, tó fi ìbọn sílẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ti sọ àpótí olówó ńlá tó wà nílé rẹ̀ di asán. Ẹ mú kọfí náà nílé.

Kí ló dé tí Panda fi pọ̀ lórí òkè tó báyìí? Ọdún 1983 ni Fiat gbé Panda 4x4 jáde, Steyr-Puch ti Austria ló ṣe ohun èlò tó ń fi agbára sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fúyẹ́, ó tóóró, ó ń gba ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá kò lè gbà láàárín igi àjàrà, mẹkáníìkì abúlé sì lè tún un ṣe. Ní ti irú àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣe títí di ọdún 2003, táyà iwájú ló ń fa ọkọ̀. Ẹ̀yìn kò ní dara pọ̀ àfi tí ẹ bá fa ọ̀pá rẹ̀. Ẹ má fa á lórí títì gbígbẹ, yóò ba jíà jẹ́. Ẹ wá koríko tútù tàbí ẹrẹ̀, ẹ fa á níbẹ̀, kí ẹ rí i pé ẹ̀yìn ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ẹni tó bá ń tà tí kò jẹ́ kí ẹ dán ìyẹn wò, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Mo ti kábàámọ̀ rí. Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà fún oko mọ́ tónítóní, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú dáadáa, mo rò pé wọ́n tọ́jú rẹ̀ ni. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi bo ìpẹtà. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ti jẹ irin abẹ́ rẹ̀ débi pé nígbà tí mẹkáníìkì fi ìdí sípánà kàn án, sípánà wọlé. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹlòmíràn ní í báni rí tẹni: ẹ mú ẹni tó mọ ọkọ̀ dání, kí ó gbé e sókè, kí ó fi nǹkan gbá ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó dúnàá-dúrà.

Ìwé rẹ̀ tún le ju irin lọ. Ẹ gba visura ní PRA kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí fermo amministrativo bá wà lórí ọkọ̀ nítorí gbèsè ẹni tó ni ín, wọ́n lè tà á fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè wà á. Ẹ wo revisione rẹ̀: ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá jáde, lẹ́yìn ìyẹn ọdún méjì méjì. Portale dell'Automobilista yóò fi kìlómítà tí wọ́n kọ nígbà revisione tó kẹ́yìn hàn yín. Ẹ fi wé èyí tó wà níwájú ọkọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á, ọgọ́ta ọjọ́ lẹ ní láti yí orúkọ padà. Ní ti ìnṣọ́ránsì, tó máa ń gbẹ̀mí owó ọ̀dọ́, láti oṣù February ọdún 2020 ẹ lè lo kíláàsì tó dára jù tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín ní, bí ẹ bá jọ wà nínú stato di famiglia kan náà. Ọ̀pọ̀ ọdún tí màmá yín ti ń wakọ̀ láìkọlu ẹnikẹ́ni yóò wúlò fún yín níbẹ̀.

Ohun kan tí àwọn ará Udine kì í rántí: ní ọdún 2017, Piedmont, Lombardy, Veneto àti Emilia-Romagna fọwọ́ sí àdéhùn lórí afẹ́fẹ́ tó bàjẹ́ ní àfonífojì odò Po. Friuli kò sí nínú rẹ̀. Panda Euro 0 tàbí ọkọ̀ díésù àtijọ́ tó ń rìn fàlàlà nílé yín lè gba owó ìtanràn fún yín bí ẹ bá gbé e lọ kí ẹ̀gbọ́n yín ní Padua tàbí Turin nígbà òtútù. Bákan náà, bí àgbẹ̀ aládùúgbò bá fẹ́ fún yín ní gasolio agricolo, díésù aláwọ̀ ewé tí ìjọba dín owó orí rẹ̀ kù, ẹ dúpẹ́, kí ẹ má gbà á. Ti katakata ni. Wọ́n pa á láró kí wọ́n lè dá a mọ̀ nínú táǹkì yín.

Tí ẹ bá ti fẹ́ ṣe méjèèjì lọ́dún kan náà, àpótí ni kó ṣáájú. Ẹ rà á, ẹ dè é mọ́lẹ̀, ẹ ya fọ́tò bóòtù rẹ̀, ẹ tọ́jú rìsíìtì, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó lọ sí armeria. Wákàtí 72 kì í dúró de bíríkìlà.