Ariwo kò-kò-kò lábẹ́ ọkọ̀: Èyí tí ẹ lè tún ṣe nílé, àti èyí tó léwu

Bí ọkọ̀ tó ti pẹ́ bá ń dún kò-kò-kò nígbàkigbà tó bá já sínú kòtò, ọ̀pọ̀ awakọ̀ á kàn gbé ohùn rédíò sókè ni. Ariwo yẹn kì í ṣàdédé wá o. Lára Toyota Corolla àtijọ́, ohun tó sábà máa ń fà á ni líńkéèjì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, bọ́ọ̀ṣì lọ́wà áàmù tàbí ṣọ́ọ̀kì.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ ọkọ̀, jáàkì nìkan ò tó. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ lò, ẹ fi òkúta há táyà tó kù, ẹ sì gbé ọkọ̀ lé irin ìdúró. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń kọ́lé ò dáa rárá, ó lè fọ́ lójijì. Táyà tí ẹ bá tú, ẹ tì í sábẹ́ ọkọ̀, bóyá nǹkan á yẹ̀.

Líńkéèjì ò le: nọ́ọ̀tì méjì ló dì í mú. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ló yẹ kó bani lẹ́rù, torí tó bá já lórí eré, táyà á yí síta, ọkọ̀ ò sì ní gbọ́ sítíárìn mọ́. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀, kí ẹnì kan fi irin gígùn gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́, kí ẹlòmíràn máa wò. Tí jọ́ìntì bá ń mì, ó ti jẹ nìyẹn. Ẹ ra tuntun; ta ló mọ ibi tí tòkunbọ̀ ti jẹ dé? Pín tuntun ni kí ẹ sì fi há nọ́ọ̀tì rẹ̀, kì í ṣe wáyà.

Ti bọ́ọ̀ṣì, àwọn mẹkáníìkì kan pàápàá máa ń ṣe é lódì. Ẹ má fún bóòtù lọ́wà áàmù pa nígbà tí táyà ṣì wà lókè. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kọ́kọ́ jókòó sórí táyà rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà inú bọ́ọ̀ṣì á lọ́, kò sì ní pẹ́ ya.

Ṣọ́ọ̀kì iwájú ló léwu jù. Inú sípíríǹgì tó fún pọ̀ ló wà, nọ́ọ̀tì àárín tó wà lókè ló sì dì í mú. Ẹni tó bá tú nọ́ọ̀tì yẹn láìfi irin ìfúnpọ̀ mú sípíríǹgì, ó lè fò gbá a lójú. Ẹ lè tú gbogbo rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ nílé, kí ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì tó ní irin náà. Méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì ṣe alignment kí táyà má bàa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.