Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́ Tó Ń Mu Epo Bí Omi: Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ọ̀nà Atẹ́gùn

Ọ̀rọ̀ epo ọkọ̀ ló délẹ̀ lónìí. Kó tó di 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà l'Ékòó. Kí oṣù náà tó parí, ó ti súnmọ́ 500. Ẹni tó bá ń fi píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kó ẹrù, ì báà jẹ́ Peugeot 504 tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ tàbí Hilux tòkunbọ̀, mọ ohun tí mò ń wí. Èrè ọjọ́ kan lè wọnú táǹkì lọ pátápátá.

Epo nìkan kọ́ ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ o, atẹ́gùn ló ń jẹ jù. Kí epo kìlógíráàmù kan tó lè jóná tán dáadáa, ó nílò atẹ́gùn tó tó kìlógíráàmù 14.7. Tí ọ̀nà atẹ́gùn bá wá dí ńkọ́? Ó dá lórí irú ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ ní, ibẹ̀ sì ni ìmọ̀ràn orí WhatsApp ti máa ń ṣi èèyàn lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká mú 504, tó ń lo kabúrétọ̀. Ibì kan wà nínú kabúrétọ̀ tó há. Tí atẹ́gùn bá débẹ̀, eré ẹ̀ á pọ̀ sí i, á sì fa epo jáde láti ojú ihò kékeré kan. Ẹ rántí ṣọ́ọ̀kì tí àwọn bàbá wa máa ń fà láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó jí? Ṣe ló ń dí ẹnu ọ̀nà atẹ́gùn kí epo lè pọ̀ sí i. Fílítà tí eruku ti kún ń ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an, àfi pé tiẹ̀ ò mọ àárọ̀ mọ alẹ́. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé téèyàn bá pààrọ̀ fílítà tó dí lára ẹ́ńjìnnì oníkabúrétọ̀, ibi tí lítà kan ń gbé ọkọ̀ dé lè fi ìdá 2 sí 6 nínú 100 jìn sí i.

Ẹ ní kí mẹkáníìkì tú púlọ́ọ̀gì kan kẹ́ ẹ wò ó. Tí ẹnu ẹ̀ bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo ti pọ̀ jù. Tí àwọ̀ ẹ̀ bá jọ ti búrẹ́dì tí wọ́n yan, kò síṣòro. Nǹkan kan wà tó máa ń bí mi nínú níbí: gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí kabúrétọ̀ á já, atẹ́gùn á máa yọ́ gba ibẹ̀ wọlé, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, dípò kí wọ́n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á lọ fẹ ihò epo. Owó yín ni wọ́n fẹ̀ yẹn o.

Hilux 2.7 tó jáde lẹ́yìn 2005 kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń pín epo ẹ̀. Wáyà tín-ín-rín kan wà lẹ́yìn fílítà tí iná ń mú gbóná. Bí atẹ́gùn ṣe ń mú un tutù tó ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ iye tó wọlé. Tí fílítà bá dí, epo náà á dín, ọkọ̀ á kàn wúwo lẹ́sẹ̀ ni. Nítorí náà, fílítà tuntun kò ní fi bẹ́ẹ̀ dín owó epo kù níbẹ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn yọ ọ́ o, eruku á jẹ ẹ́ńjìnnì yín. Ohun tó ń fi epo ṣòfò ni kí eruku bo wáyà yẹn kó máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà, tàbí kí sẹ́ńsọ̀ ojú sálẹ́ńsà ti kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹmọsítáàtì tí wọ́n máa ń yọ jù nù pé “ọkọ̀ ń gbóná.” Ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó mọ́, kọ̀ǹpútà á rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, á máa da epo sí i.

Fóònù yín lè tú àṣírí ẹ̀. Ẹ ra OBD2 oní-Bluetooth, ẹ kì í bọ ìdí dáṣíbọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n kọ fuel trim sí. Tó bá ń lọ ju 10 lọ, yálà sókè tàbí sísàlẹ̀ òdo, ẹ pe rìwáyà tó mọṣẹ́ kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun.

Ti mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń so mọ́ páìpù epo ńkọ́? Àjọ EPA ti Amẹ́ríkà ti yẹ irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ tó lé ní 100 wò, wọn ò rí ọ̀kankan tó mú ìyàtọ̀ gidi wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sọ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kalẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá, ẹ tì í padà. Tó bá wà ní títì, atẹ́gùn á máa yí bírí nínú ibi ẹrù, ti òkè á sì gun orí ẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, táyà la máa gbé yẹ̀ wò.